Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn aṣòfin Èkìtì ní Àbújá lórí pátẹ́ǹtì tí ìjọba ń fúnni láìyẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ̀yin sẹ́nétọ̀ wa mẹ́ta àti ẹ̀yin mẹ́fà tí Èkìtì kete rán lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú wàhálà ọ̀nà. Mo mọ̀ pé lẹ́tà tó ń dé ọ̀dọ̀ yín kò lóǹkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ti títì, ti iná àti ti iṣẹ́ ọmọ. Tèmi yìí dá lórí òfin kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ pé ó wà, àfi lọ́jọ́ tí ìwé lọ́yà bá dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn.

Òfin Pátẹ́ǹtì àti Díṣáìnì tí ìjọba ológun ṣe ní 1970 ni mò ń sọ. Abẹ́ rẹ̀ ni ìjọba ti ń fún ẹni tó bá ṣẹ̀dá ohun tuntun ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n ń pè ní pátẹ́ǹtì, pé, fún 20 ọdún, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe nǹkan náà tà tàbí kó o wọlé láti òkè òkun láìgba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò bá òfin yẹn jà. Ẹni tó bá fi orí ara rẹ̀ ronú títí tó fi rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, ó yẹ kó jẹ èrè rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìjọba wa ń fúnni ní ìwé náà láìbéèrè ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nínú òfin ọ̀hún, pé: ṣé ohun tí ẹni yìí mú wá kọjá ohun tí oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa máa ṣe fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ náà fún un?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá. Ọ̀dọ́kùnrin kan kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ mi ní Ajílosùn, Adó-Èkìtì níbí, ó gba òmìnira, ó sì dá dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bọ́ọ̀dù kan fún àwọn tó ni ibi ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ibẹ̀ ṣe máa ń rí ní àsìkò JAMB: gbọ̀ngàn tó kún fún kọ̀ǹpútà, ínfátà lábẹ́ tábìlì, jẹnẹrétọ̀ níta, iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Bí ojú USB kan bá ṣọ́ọ̀tì, bóyá wáyà máòsì ló bó tàbí irin kékeré kan ló já sínú rẹ̀, gbogbo ìlà kọ̀ǹpútà yẹn lè kú lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánwò sì bú sẹ́kún. Bọ́ọ̀dù tí ọmọkùnrin yìí ṣe máa ń wọn kọ́rẹ́ǹtì tó ń gba ojú kọ̀ọ̀kan. Tí ti ojú kan bá ti kọjá ìwọ̀n, ó máa gé iná ojú yẹn nìkan, ó máa fi iṣẹ́ rán sí kọ̀ǹpútà alábòójútó pé ibi báyìí ló ti bàjẹ́, nígbà tí wọ́n bá sì ti yanjú rẹ̀, á dá iná padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pààrọ̀ fíúùsì. Ó tún ṣe é débi pé alábòójútó lè fi kọ̀ǹpútà yí ìwọ̀n náà padà fún ojú kọ̀ọ̀kan, láìfi áyọ́ọ̀nù kan bọ́ọ̀dù rárá. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Mo fi yangàn.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ lọ́yà iléeṣẹ́ kan, tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Wọ́n ní àwọn ní pátẹ́ǹtì Nàìjíríà lórí ọ̀nà tí a ń gbà dáàbò bo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ kọ́rẹ́ǹtì àpọ̀jù. Wọ́n ní kó dáwọ́ dúró, kó ka iye tó ti tà fún wọn, kó sì san owó. Ọmọ náà bẹ̀rù. Kò ní owó lọ́yà, ìyàwó rẹ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ó kó àwọn bọ́ọ̀dù tó kù sínú páálí, ó padà sí títún fóònù ṣe. Àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ ń ra ti iléeṣẹ́ yẹn ní ìlọ́po owó.

Mo gba ẹ̀dà pátẹ́ǹtì náà, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí a bá bọ́ èdè lọ́yà kúrò lára rẹ̀, ohun tí wọ́n ní àwọn dá sílẹ̀ nìyí: rẹ̀sítọ̀ kékeré kan tó ń wọn kọ́rẹ́ǹtì, comparator tó ń fi ohun tí wọ́n wọ̀n wé ìwọ̀n tí a ti fi lélẹ̀, MOSFET tó ń gé iná, áísì kan tó ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà tó sì ń dá iná padà, àti èyí tí wọ́n tẹnu mọ́ jù, pé nọ́ńbà inú sọ́fíwíà ló ń pinnu ìwọ̀n náà, kì í ṣe rẹ̀sítọ̀ tí a jó mọ́ bọ́ọ̀dù.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, èwo ló ṣàjèjì níbẹ̀?

Thomas Edison ti gba pátẹ́ǹtì tirẹ̀ lórí fíúùsì ní 1890, nígbà tó ń to bí wọn yóò ṣe máa pín iná káàkiri ìlú. Ó kéré tán, láti ìgbà náà ni ayé ti mọ̀ pé kọ́rẹ́ǹtì tó bá kọjá agbára wáyà, àfi kí a gé e. Wíwọ̀n tí a ń fi rẹ̀sítọ̀ wọ̀n ọ́n kò ju òfin Ohm tí wọ́n ń kọ́ ọmọ girama lọ: bí áńpù 5 bá gba inú rẹ̀sítọ̀ tó jẹ́ 0.01 ohm kọjá, 0.05 fólítì ló máa hàn ní ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá ti rí fólítì yẹn lè fi wé èyíkéyìí tó bá wù ú. Áísì 7805, tó ń mú fólítì dúró sí 5, tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ ń jó mọ́ bọ́ọ̀dù láti kékeré, láti iléeṣẹ́ tó ṣe é ni wọ́n ti kọ́ ìdènà kọ́rẹ́ǹtì àpọ̀jù sínú rẹ̀, pẹ̀lú èyí tó ń pa á bó bá gbóná jù. Páwà kọ̀ǹpútà tí a ń tú lójoojúmọ́ ńkọ́? Bí ìlà fólítì 12 rẹ̀ bá ṣọ́ọ̀tì, ó máa pa ara rẹ̀, kò sì ní tàn mọ́ títí a ó fi yọ ọ́ kúrò lára iná tí a ó tún dá a padà. Kò sí ọmọ iṣẹ́ mi kan tí kò mọ èyí kó tó pé ọdún kan lọ́dọ̀ mi.

Ti ojú USB ló wá hàn jù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2000, àwọn iléeṣẹ́ tó dá USB sílẹ̀ gbé ìwé ìlànà USB 2.0 jáde fún gbogbo ayé. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà àti hub (ẹ̀rọ tó ń sọ ojú USB kan di púpọ̀) tó ní iná tara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdáàbòbò lọ́wọ́ kọ́rẹ́ǹtì àpọ̀jù nítorí ewu. Pé hub gbọ́dọ̀ mọ̀ nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀, kó sì ròyìn rẹ̀ fún sọ́fíwíà. Pé ìwọ̀n tí a máa fi lélẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá áńpù 5. Pé ó gbọ́dọ̀ ga díẹ̀ ju ohun tí ojú náà ń fà lọ, kí iná tó máa ń ru sókè ní ìṣẹ́jú àáyá tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ki nǹkan bọ̀ ọ́ má baà pa á láìnídìí. Àti pé ó gbọ́dọ̀ lè padà sípò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ tún un ṣe. Kódà wọ́n dárúkọ ohun tí a lè fi ṣe é. Ọ̀rọ̀ tó máa ń yọ lójú kọ̀ǹpútà Windows pé iná ru ní ojú USB, ibẹ̀ ló ti wá. Ẹ fi èyí wé pátẹ́ǹtì tí mo ṣàlàyé lókè. Wíwọ̀n wà níbẹ̀, gígé wà níbẹ̀, ìròyìn wà níbẹ̀, pípadà sípò wà níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé nọ́ńbà inú sọ́fíwíà ló ń pinnu ìwọ̀n. Èyí náà ti wà. Ní 2005, ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní PMBus jáde, tí kọ̀ǹpútà ńlá àwọn sáfà fi ń bá páwà wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àṣẹ rẹ̀ ń jẹ́ IOUT_OC_FAULT_LIMIT. Iṣẹ́ tí àṣẹ yẹn ń ṣe ni pé kọ̀ǹpútà máa kọ nọ́ńbà ránṣẹ́ sí páwà pé, bí kọ́rẹ́ǹtì bá ti dé ibí, kó kà á sí àpọ̀jù. Àṣẹ mìíràn tún wà tó ń sọ ohun tí páwà máa ṣe bó bá dé ibẹ̀: kó pa, kó dúró, kó tún gbìyànjú. Gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè kà, ọ̀pọ̀ ọdún kí iléeṣẹ́ yìí tó kọ̀wé fún pátẹ́ǹtì.

Nítorí náà, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n mú ìlànà ọdún 2000, wọ́n mú ti 2005, wọ́n sì so wọ́n pọ̀. Kí ló lè mú kí oníṣẹ́ kan rò ó láti so wọ́n pọ̀? Kó sáà ti ní igba kọ̀ǹpútà nínú gbọ̀ngàn kan, kó sì mọ̀ pé òun kò lè máa jó rẹ̀sítọ̀ kọ̀ọ̀kan kúrò ní ojú kọ̀ọ̀kan. Ìdí yẹn tó. Kò sí ará Èkìtì tó máa gbà kí ẹnìkan gba ìwé àṣẹ 20 ọdún lórí iyán àti ẹ̀fọ́ nítorí pé òun ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ń bá ara wọn lọ.

Mo wá lọ ka òfin wa. Ó yà mí lẹ́nu bí òfin náà ṣe dára tó ní apá kan, àti bó ṣe já wa sílẹ̀ ní apá kejì.

Abala kìíní sọ pé ohun tí a máa fún ní pátẹ́ǹtì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, ó gbọ́dọ̀ ti inú ọgbọ́n àtinúdá wá, ó sì gbọ́dọ̀ ṣeé lò nídìí iṣẹ́. Ó ṣàlàyé ọgbọ́n àtinúdá yẹn: pé nǹkan náà kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó hàn gbangba pé ó ti inú ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ wá, ìbáà jẹ́ ní ti ọ̀nà tí a gbà ṣe é, tàbí ní ti àwọn ọ̀nà tí a so pọ̀, tàbí ní ti èso tó so. Lẹ́yìn náà ni abala yẹn kan náà sọ ohun tí a máa kà sí ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: gbogbo ohun tó ti wà níta fún ará ìlú, níbikíbi, nígbàkígbà, ìbáà jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́, wọ́n fẹnu sọ ọ́, wọ́n lò ó, tàbí ó gba ọ̀nà mìíràn jáde, kí ọjọ́ tí wọ́n kọ̀wé fún pátẹ́ǹtì tó pé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Níbikíbi. Ní fífẹnu sọ. Ní lílò. Ìyẹn ni pé ohun tí ọ̀gá kan fi ẹnu kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó ṣí sílẹ̀ ní Òkèṣà, tí ẹnikẹ́ni tó ń kọjá lè dúró gbọ́, ẹ̀rí ni níwájú òfin Nàìjíríà. Bákan náà ni bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń lò ní Ìkéré láti ọjọ́ pípẹ́, àti iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ Federal Polytechnic Adó, ti EKSU tàbí ti FUOYE tó wà lórí pẹpẹ ilé ìkàwé. Ẹ lọ sí ẹ̀ka iná èyíkéyìí nínú wọn, ẹ ó rí iṣẹ́ lórí bí a ṣe ń gé iná tó bá pọ̀ jù. Àwọn tó kọ òfin yìí kò fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ìmọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n fún un ní àyè.

Àmọ́ nígbà wo ni wọn yóò gbọ́ ẹ̀rí náà? Abala kẹrin ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó ní kí Olùforúkọsílẹ̀ Pátẹ́ǹtì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìwé náà pé, bóyá wọ́n san owó, bóyá àlàyé àti àwòrán wà níbẹ̀. Tí ìyẹn bá ti pé, kó fúnni ní pátẹ́ǹtì láìtún yẹ nǹkan mìíràn wò, pàápàá láìwo bóyá ohun náà yẹ fún pátẹ́ǹtì lábẹ́ abala kìíní. Ó tún wá sọ pé ewu rẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tó gbà á, àti pé ìjọba kò ṣe onídùúró pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lójú ìwé, ó jọ pé ẹni tó gba pátẹ́ǹtì ló ru ewu. Ní ojú ayé, ọmọ tó gba lẹ́tà lọ́yà ló ru ú. Ìwé tó ní òǹtẹ̀ ìjọba àpapọ̀ lára, ta ni nínú àwọn ọmọ wa tó máa mọ̀ pé kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò rí?

Bó bá fẹ́ jà, abala kẹsàn-án ní kó lọ sí ilé ẹjọ́ kó ní kí wọ́n fagi lé e. Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ló ní àṣẹ lórí rẹ̀. A ní ọ̀kan ní Adó níbí, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́yà tó mọ òfin pátẹ́ǹtì, ẹlẹ́rìí tó jẹ́ ọ̀mọ̀wé nípa ẹ̀rọ, ìsúnsíwájú ẹjọ́ lọ́dọọdún: owó tí ọmọ yìí máa ná síbẹ̀ ju gbogbo èrè tó lè rí lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ. Ohun tí iléeṣẹ́ tó kọ lẹ́tà sí i gbójú lé nìyẹn.

Àwọn ilé ẹjọ́ ilẹ̀ òkèèrè ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́. Kò di dandan kí adájọ́ wa tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbọ́ wọn. Ní Amẹ́ríkà, ní 1966, nínú ẹjọ́ Graham àti John Deere, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ la ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀: kí a wo ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí a wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ohun tuntun náà, kí a sì wo bí ìmọ̀ oníṣẹ́ lásán nídìí iṣẹ́ yẹn ṣe tó. Ní 2007, ẹjọ́ KSR àti Teleflex dé iwájú wọn. Pẹ́dà mọ́tò tó ṣeé sún síwájú sẹ́yìn ló dá a sílẹ̀. Pẹ́dà bẹ́ẹ̀ ti wà, sensọ̀ oníná ti wà, ẹnìkan wá so sensọ̀ mọ́ pẹ́dà, ó sì gba pátẹ́ǹtì. Gbogbo àwọn adájọ́ náà fẹnu kò pé ohun tó hàn gbangba ni. Wọ́n ní oníṣẹ́ lásán náà ní ọgbọ́n àtinúdá tirẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ tó kàn ń ṣe ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, àwọn ọmọ Ajílosùn ló wá sí mi lọ́kàn.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn wọn dá ní àwọn ọdún 1980. Iléeṣẹ́ Windsurfing International ní pátẹ́ǹtì lórí pákó tí wọ́n fi ń lọ lójú omi pẹ̀lú ìgbòkun, wọ́n sì pe iléeṣẹ́ Tabur Marine lẹ́jọ́. Àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́ wá ẹ̀rí káàkiri. Wọ́n rí i pé ní 1958, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 12 kan ti ṣe irú pákó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń fi ṣeré lójú omi ní Hayling Island, lójú gbogbo ẹni tó bá wà létí òkun. Tirẹ̀ kò rí bákan náà gẹ́lẹ́; igi tó fi di ìgbòkun mú jẹ́ gbọọrọ, ti pátẹ́ǹtì sì tẹ̀ kọrọdọ. Ilé ẹjọ́ ní ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan, ohun tó máa hàn sí ẹni tó mọ iṣẹ́ ni. Pátẹ́ǹtì ṣubú. Ọmọdé, tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan, tí kò kọ nǹkankan sílẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ṣubú lu iléeṣẹ́ ńlá. Bí ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì bá lè gba ẹ̀rí ọmọ ọdún 12, ó yẹ kí ọ̀nà wà ní Nàìjíríà tí ẹ̀rí àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ wa fi lè jẹ́ gbígbọ́ láìtà ilẹ̀ bàbá wọn.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ. Á ní gbogbo nǹkan ló máa ń rọrùn lójú ẹni tó bá ti rí i tán. Òótọ́ ni, mo sì gbà á tọkàntọkàn. Ẹ wo fíúùsì oníke tó ń wo ara rẹ̀ sàn, tí wọ́n ń pè ní PTC. Ike ni, wọ́n po lúúlúú kábọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Bí kọ́rẹ́ǹtì bá pọ̀ jù, á gbóná, ike á wú, lúúlúú yẹn á jìnnà sí ara wọn, iná kò sì ní rí ọ̀nà kọjá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bó bá tutù, wọ́n á tún fara kan ara wọn. Ẹni tó ti ń wo fíúùsì onírin láti ọjọ́ tó ti dáyé kò lè ti ibẹ̀ ronú dé èyí. Ó gba kí ẹnìkan mọ ike, kó mọ kábọ́ọ̀nù, kó sì dán an wò títí. Bí wọ́n bá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní 20 ọdún, kò pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá mú PTC yẹn tó fi sí ojú USB, lẹ́yìn tí ìwé ọdún 2000 ti sọ ní tààràtà pé a lè fi í síbẹ̀, kí ló dá sílẹ̀? Ìyàtọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí òfin wa máa wò kó tó tẹ òǹtẹ̀.

Àìwò yìí ń pa àwọn tó ní ọgbọ́n gidi lára náà. Bí ọmọ Èkìtì kan bá ṣẹ̀dá ohun tó jinlẹ̀ lónìí, ìwé tí yóò gbà kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹni tó so rẹ̀sítọ̀ mọ́ MOSFET gbà. Báńkì kò ní fi yá a lówó, nítorí ẹni tó mọ òfin mọ̀ pé ìjọba kò dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ń kọ́ Ekiti Knowledge Zone ní Adó kí àwọn ọ̀dọ́ lè wá fi ọgbọ́n orí jẹun níbẹ̀. NOTAP, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí gbígba ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìgbéga rẹ̀, ti dá ọ́fíìsì sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì láti ràn wọ́n lọ́wọ́ gba pátẹ́ǹtì. Ṣé ìwé tí kò sẹ́ni tó yẹ̀ wò la fẹ́ kó fún wọn?

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò le. Ẹ tún abala kẹrin ṣe, kí wọ́n máa yẹ ọgbọ́n àtinúdá wò kí wọ́n tó fúnni ní pátẹ́ǹtì. Mo mọ̀ pé yóò gba owó àti àwọn onímọ̀ tí Iléeṣẹ́ Ìforúkọsílẹ̀ kò ní báyìí. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ka iná àti kọ̀ǹpútà, kí àwọn olùkọ́ polí àti yunifásítì máa bá wọn kà á fún owó iṣẹ́. Èyí tí kò gba owó púpọ̀, tí mo sì rò pé ó yẹ kó ṣáájú, ni àyè fún ará ìlú láti ta kò ó. Òfin Àmì Ọjà wa ti ní irú rẹ̀: wọ́n á gbé àmì jáde nínú ìwé ìròyìn wọn, ẹnikẹ́ni sì ní oṣù 2 láti ní òun ò gbà. Ṣé ẹ wá rí i? Orúkọ tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ọ̀rá omi, a lè ta kò ó. Ìwé tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ odidi ẹgbẹ́ oníṣẹ́ fún 20 ọdún, a ò gbọ́ àfi ìgbà tó bá ti dé orí wa. Ní Yúróòpù, oṣù 9 ni wọ́n fún ènìyàn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi pátẹ́ǹtì lélẹ̀. Ní Íńdíà, ènìyàn lè ta kò ó kí wọ́n tó fi í lélẹ̀ pàápàá. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun tiwọn ní 2012, níbi tí ènìyàn ti lè mú ìwé àtijọ́ wá síwájú ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì fúnra rẹ̀, pé ẹ wò ó, ohun tó hàn gbangba ni èyí, láìkọ́kọ́ lọ ilé ẹjọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣe àyè yẹn, ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ kedere pé ẹ̀rí ẹnu àti ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ ṣeé gbà, ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ígbò, ní èdè tí ẹlẹ́rìí bá gbọ́. Abala kìíní ti gbà á tẹ́lẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì tún gbà á padà.

Ọ̀kan wà tí kò nílò òfin tuntun rárá. Abala kẹsàn-án sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lè fúnra rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ kí wọ́n fagi lé pátẹ́ǹtì tí kò yẹ. Ẹ̀yin lẹ lè pe Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ilé-iṣẹ́, Òwò àti Ìdókòwò wá síwájú ìgbìmọ̀ yín, kí ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n lo agbára yẹn kẹ́yìn fún ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Mo tún fẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ tó ń ka èyí mọ̀ pé abala kẹfà dáàbò bo ẹni tó bá ti ń ṣe nǹkan náà ní Nàìjíríà pẹ̀lú ọkàn mímọ́ kí wọ́n tó kọ̀wé fún pátẹ́ǹtì. Ó lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ máa kọ déètì sára àwòrán sákíìtì yín. Ẹ máa fi rìsíìtì pamọ́. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà kan ṣoṣo mú yín ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Mo ti kó ìwé USB ti ọdún 2000, ti PMBus, àti ẹ̀dà pátẹ́ǹtì ọ̀hún jọ, mo sì fi àlàyé Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Ajílosùn, Òkèṣà àti Ìkéré ti fẹnu kò pé a máa wá jẹ́rìí ní Àbújá lọ́jọ́ tí ẹ bá pe ìpàdé ìtagbangba lórí òfin yìí, owó ọkọ̀ wa la ó fi wá. Bó bá sì rọrùn fún yín kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ wa ní ọ́fíìsì yín ní Adó, ẹ sọ ọjọ́, a ó gbé bọ́ọ̀dù ọmọkùnrin náà wá, a ó ṣọ́ọ̀tì í lójú yín, ẹ ó sì rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Mo ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Oníṣẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan ní Ajílosùn, Adó-Èkìtì